Ilé Funfun Tó Wà Nínú Fọ́tò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí kì í bá ṣe ní ti ọjọ́ orí, ní ti ìwé, fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ìyá mi ní Ìlobù. Mo ti lé ní ogún ọdún nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ṣì wà, nítorí pé ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń parí ìwé mẹ́fà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sí ilé ìwé. Ẹ̀yin ọmọ mi ti máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Kò burú. Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. N ó dé ibẹ̀.

Àwọn òbí mi wà lára àwọn tó ti Gáná padà wálé ní 1969. Oyún mi wà nínú ìyá mi nígbà tí wọ́n kúrò ní Kùmásì. Bàbá mi ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà síbẹ̀. Wọ́n tì í, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, wọ́n wọ lọ́rì. Bàbá mi kú kí n tó mọ ojú wọn dáadáa. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni ó kàn wá nínú agbo ilé, ìyá mi sì gbé kọ́kọ́rọ́ Kùmásì kọ́ sórí ìṣó lára ògiri pálọ̀ náà. Ibẹ̀ ló wà títí mo fi dàgbà.

Abọ́ tánńganran ni ìyá mi ń tà. Bí ọjọ́ ọjà Ìfọ́n, ìlú tó bá tiwa pààlà, bá pé, wọ́n á gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà ní Ìfọ́n, tíṣà ni, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń lo awò ojú. Bí ilé ìwé bá ti jáde, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ìsọ̀ ìyá mi, á na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ àti ibi tí wọ́n wà. Tíṣà yìí ló ní kí wọ́n fi mí sí ilé ìwé.

Ìyá mi ní, "Èyí tí ohùn rẹ̀ ti ń wúwo? Ṣé kí ó lọ jẹ́ bàbá kíláàsì ni?"

Tíṣà ní, "Kí ó lọ jẹ́ ẹ. Kíláàsì wa kò ní bàbá tẹ́lẹ̀."

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá mi àti tíṣà kì í dá a sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dá a sílẹ̀ lọ́jà, ìyá mi á ní, "Ilẹ̀ ni ẹ̀yin ń jà lé. Abọ́ ni èmi ń tà."

Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Kùmásì ni wọ́n bí wọn sí. Mo kéré gan-an nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, nítorí náà inú lẹ́tà ni mo ti mọ̀ wọ́n jù. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé wọn lọ sí ìlú kan ní òkè ọya. Wọ́n kọ̀wé pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, pé àwọn ti fẹ́ ọmọ Yorùbá kan níbẹ̀, pé bí wọ́n bá fún àwọn ní ìsinmi, àwọn á mú un wálé. Lẹ́tà kejì ni fọ́tò wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sórí àtẹ̀gùn ilé ńlá kan, nínú aṣọ iṣẹ́, ọwọ́ kan lára òpó. Ilé náà funfun, ó ga kúrò nílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò yí i po, fèrèsé rẹ̀ gùn bí ilẹ̀kùn. Ní tiwa nígbà náà, ẹnikẹ́ni kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé ya fọ́tò. Ẹni tí kò bá nílé, ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tò ló ń lọ, á dúró síwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ni ọ̀nà. Kò sí ẹni tí a tún ní láti bi pé ta ló ni ilé náà.

Ìyá mi ní, "Alihamudu lilahi. Ilé tí mo fi sílẹ̀ ní Kùmásì, Ọlọ́run ti dá a padà." Wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ kúrò lórí ìṣó, wọ́n fi fọ́tò kọ́ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà, wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n gbé e lọ sí Ìfọ́n. Èmi ni mo ru abọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Tíṣà gba fọ́tò, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó wò ó pẹ́. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí iwájú rẹ̀.

Tíṣà ní, "Ilé yìí dára, ìyá. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló ní."

"Ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á." Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fọ́tò padà. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bá ọmọ yín jẹun."

Mo yọjú wo fọ́tò náà. Mẹ́rin ni mo rí. Ibi tí oní-fọ́tò gé e sí nìyẹn. Mo ní bóyá awò ojú tíṣà ti gbó.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ àwọn. Wọ́n fi ìsọ̀ tí wọ́n ń lò ní Ìlobù lọ́jọ́ yòókù fún àbúrò wọn. Wọ́n sọ fún gbogbo agbo ilé. Nígbà tí a gba ìsinmi gígùn, wọ́n ní kí n lọ ṣáájú.

Wọ́n ní, "Lọ wò ó fún mi. Yàrá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í kàn ni kí o bá mi mú. Má bi ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ó má rò pé mò ń fi ipá wọlé. Ìwọ ṣáà wò ó."

Wọ́n di èlùbọ́ àti irú fún mi. Wọ́n tún mú abọ́ kan jáde, abọ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí àkùkọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tí wọ́n gbé ti Gáná dé. Wọ́n ní kí n fi fún ìyàwó ilé.

Mo lo ọjọ́ méjì nínú mọ́tò. Ooru ìlú náà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ní ẹnu ọ̀nà bárékè, mo sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ṣọ́ sì ní kí n lọ sí ẹ̀yìn ilé funfun kẹta. Mo gbọ́ ilé funfun. N kò gbọ́ ẹ̀yìn.

Bí mo ṣe rí ilé náà, mo mọ̀ ọ́n. Òpó tí ẹ̀gbọ́n mi gbá mú nìyẹn. Mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń kà á lọ. Mẹ́fà ni. Mo dúró lórí èyí tó kẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Báwo ni tíṣà ṣe mọ̀? Kí n tó ronú kan ìdí rẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí.

Obìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ ló jáde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí mi ní Yorùbá, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ọmọ Ẹ̀rìn, ìlú tó wà nítòsí wa, ni. Inú mi dùn. Ìyàwó wa nìyí.

Mo ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ ti ilé dé. Ṣé o kò ní kúnlẹ̀ ni?"

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ kú ọ̀nà o, ọkọ mi. Ẹ má bínú, wọn kò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè bi mí pé kí ló dé tí kò béèrè orúkọ mi. Ìyàwó kì í wo ojú ọkùnrin tó sọ pé ilé ọkọ rẹ̀ ni òun ti wá, kó ní ta ni ọ́. Bí ó bá wá jẹ́ ọkọ rẹ̀ lóòótọ́, àbùkù nìyẹn títí ayé. Á kúnlẹ̀, á bu omi, orúkọ á máa bọ̀ lẹ́yìn. Èmi náà kò sì ní ìdí láti bi í.

Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé omi tútù wá. Ó gbé ìrẹsì àti ẹja wá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní, "Ṣé wọn kì í ta iyọ̀ ní Ẹ̀rìn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọkọ wọ̀nyí. Àwo ti mọ́ tónítóní kí ẹ tó rántí iyọ̀."

Mo fún un ní èlùbọ́ àti irú. Mo fún un ní abọ́ Kùmásì. Ó fi ìkúnlẹ̀ gbà á, ó súre fún ìyá mi.

Inú ilé náà tutù, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ abẹ́ igi ọ̀dán. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ láyé àtijọ́ fún àwọn ọmọ ogun òfurufú tiwọn, tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ olóoru. Wọ́n gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ kí oòrùn dé ara ògiri. Òrùlé ga, pákó ni wọ́n fi ṣe sílíǹgì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú gbogbo fèrèsé. Mo ń wo yàrá kọ̀ọ̀kan bí ìyá mi ṣe rán mi. Mo rí ọ̀kan tó kọjú sí ìlà oòrùn.

Mo ní, "Ibí yìí ni màmá á máa sùn."

Ìyàwó ní, "Ibẹ̀ náà kúkú ni wọ́n sùn nígbà tí wọ́n wá wẹ ọmọ."

"Màmá wo?"

"Màmá wa. Ìyá ọkọ mi."

Ìyá mi kò tíì lọ sí òkè ọya kọjá Ìlọrin rí. Mo ṣì dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi lórí ilẹ̀kùn, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níta. Ọkùnrin kan wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ tó dán ju ti inú fọ́tò lọ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ìyàwó ní, "Ẹ kò sọ fún mi pé àbúrò yín ń bọ̀."

"Àbúrò mi wo?"

Ibi tí a wà nìyẹn tí ilẹ̀kùn ìdáná fi ṣí, tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, garawa omi lọ́wọ́. Wọ́n rí mi. Wọ́n gbé garawa kalẹ̀, wọ́n na ara gbọọrọ, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ má bínú, sà. Àbúrò mi ni, sà. Kò mọ̀ ni, sà."

Àkọ́bí ilé wa ni. Ní Ìlobù, àwọn ìyàwó ilé kì í kí wọn lóòró. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní sà yìí, àbúrò ni ó jẹ́ fún wọn. Omi inú garawa ṣì ń mì. N kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N kò sì mọ ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún, bóyá ọkùnrin náà ni, bóyá ìyàwó rẹ̀ tí mo ti bú nítorí iyọ̀.

Ẹ̀yìn ilé náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, iṣẹ́ ilé ọ̀gá ni wọ́n fi wọ́n sí. Yàrá mẹ́rin wà níbẹ̀ ní ìlà kan, tí àwọn òyìnbó kọ́ fún àwọn tó ń se oúnjẹ fún wọn. Ọ̀kan ni tiwọn. Páànù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ènìyàn, kò ní sílíǹgì, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ara ògiri ọgbà ni wọ́n kọ́ yàrá náà mọ́. Mo fọwọ́ kan ògiri náà, mo sáré fà á padà. Ìyàwó wa gan-an wà níbẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ kékeré kan tí ooru ti mú kí ara rẹ̀ sú. Ẹni tó kọ́ ilé iwájú mọ ooru dáadáa. Mo rò ó títí, n kò lè gbé e kúrò lọ́kàn, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ náà ló kọ́ ti ẹ̀yìn.

Ìyàwó ilé iwájú gbé abọ́ Kùmásì wá fún ìyàwó wa. Ojú rẹ̀ kò le.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọjọ́ tí ọ̀gá mi gba ìgbéga ni oní-fọ́tò wá. Ó ní kí n dúró síbẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sílé. N kò kọ ọ́ pé ilé mi ni."

"Ẹ kò kọ ọ́ pé kì í ṣe tiyín."

Wọ́n ní, "O bá ìyá kọ lẹ́tà sí mi pé Kùmásì ti padà. Kí ni ìwọ ìbá kọ?"

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà lóòótọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá náà pe àwa méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀yin ni bàbá kíláàsì, àbí?"

Ẹni méjì péré ló mọ orúkọ yẹn láyé.

Ó ní, "Ọmọ Ìfọ́n ni mí. Tíṣà ni ìyá mi. Ìyá yín fi fọ́tò hàn wọ́n lọ́jà. Wọ́n kọ̀wé bi mí pé, ta ni ọmọ Ìlobù tó dúró sórí àtẹ̀gùn mi, nítorí pé ẹ̀gbọ́n yín kò tíì dé ibí nígbà tí wọ́n wá wẹ ọmọ. Mo dá wọn lóhùn. Wọ́n tún kọ̀wé padà." Ó yọ lẹ́tà náà jáde, ó kà á fún wa. Mo ṣì gbọ́ ọ létí. Wọ́n ní: bí ìyá ọmọ náà bá ń bọ̀, kí o kó ẹrù rẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá lò. Jẹ́ kí wọ́n wọ ilé náà bí ilé ọmọ wọn. Kí n má gbọ́ pé o la ẹnu.

"Mo ti gbà," ni ó wí. "N ó sọ fún ìyàwó mi. Ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n máa bọ̀."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń padà sílé. Èyí tó bá tọ́ lójú rẹ ni kí o sọ."

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e lọ́kàn nínú mọ́tò. Bí mo bá ní kí ìyá mi máa bọ̀, wọ́n á sùn nínú ilé tútù, ẹnikẹ́ni kò ní tú àṣírí. Wọ́n á tún padà wá sọ ọ́ fún tíṣà tó jẹ́ ìyá onílé gan-an, lọ́jà, lórí bẹ́ǹṣì, tíṣà á sì máa dá wọn lóhùn. Bí mo bá sọ òótọ́, Kùmásì á tún bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Mo délé, n kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ní, "Yàrá wo lo mú?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. N kì í ṣe ẹni tó lè pa irọ́ gígùn. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí kì í ṣe ti ilé.

"Tíṣà mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Láti ọjọ́ tí mo fi fọ́tò hàn wọ́n?"

"Láti ọjọ́ náà."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ ọjà yìí. Mò ń fi ilé ọmọ wọn yangàn fún wọn, wọ́n ń bá mi ṣe àmín."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo bá wọn lọ sí Ìfọ́n. Nígbà tí tíṣà yọ, ìyá mi tó ju tíṣà lọ lọ́jọ́ orí dìde kúrò nídìí abọ́, wọ́n kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Obìnrin Ìlobù kúnlẹ̀ fún obìnrin Ìfọ́n. Ariwo ọjà dínkù níbi tí a wà. Tíṣà ju báàgì sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Àgbà ni yín."

Ìyá mi ní, "Àtẹ̀gùn mẹ́fà ni lóòótọ́."

Tíṣà ní, "Ẹ dìde, ìyá. Àwọn tó fẹ́ ra abọ́ ń dúró." Ó fà wọ́n sókè. Mo bá wọn jókòó títí ọjà fi tú, wọn kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, títí ayé.

Ìyá mi lọ sí òkè ọya ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ṣí yàrá ìlà oòrùn fún wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ni àwọn bá wá. Orí ẹní ni wọ́n sùn, níwájú yàrá ẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Abọ́ Kùmásì ni wọ́n fi jẹun. Wọ́n padà dé tí ooru ti mú gbogbo ọrùn wọn sú, wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ fún agbo ilé pé, "Ilé ọ̀gá rẹ̀ ni ẹ rí yẹn. Ẹ̀yìn ni ọmọ mi wà. Mo ti sùn síbẹ̀." Àwọn ìyàwó ilé fi orúkọ sọ wọ́n, Ìyá Onílé Funfun. Wọ́n ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún le, ìyá mi kò lè ná ọjà Ìfọ́n mọ́. Ará Ẹ̀rìn ni àwọn méjèèjì ń rán sí ara wọn. Báyìí, ìyá mi ti lọ, tíṣà ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ìyá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ni ẹni kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́ fún. Ó bi mí pé ká ní èmi ni tíṣà, ṣé mo lè pa á mọ́. Mo ní rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi rí fọ́tò náà nínú àpótí. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ilé." Ó gbé fóònù sí i. Kí n tó fi omi mu oògùn mi tán, fọ́tò ti dé Ìbàdàn, ó ti dé òkè òkun. Ó ka èsì wọn fún mi. Wọ́n ní ilé bàbá wa àgbà ní òkè ọya nìyí. Wọ́n ní a ti jẹ gàba rí nílé wa. Ọ̀kan nínú yín ti ń béèrè ibi tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó tún bà mí lẹ́rù. Ní ayé ìgbà yẹn, ẹni tó ni ilé rí ẹni tó ń fi í yangàn, ó sì ní kí ó wá sùn níbẹ̀. Ayé ìsinsìnyí, ẹni tí kò mọ ilé rí ti fẹ́ lọ gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó lọ. Ilé náà kì í ṣe tiwa. Ọmọ tíṣà ará Ìfọ́n ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà náà, ìjọba ló sì ni ín.

Mo tún mú fọ́tò náà wò lánàá. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ méjì tó kù, tó sì lè pa ẹnu mọ́, kò sí mọ́.